Láti Ilkley dé Bowness: ọjọ́ mẹ́jọ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀

Oṣù Kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún 31 ló fi ṣe é ní Bradford. Èmi náà ti lo ọdún 19 níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kó ara wa jọ sílé rẹ̀ láti bá a yọ̀, a bi í pé kí ló fẹ́ kọ́kọ́ ṣe báyìí tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é síṣẹ́ òru mọ́. Gbogbo wa rò pé yóò ní òun fẹ́ lọ sílé, sí Ìgbájọ. Ó ní ilé ò ní sá lọ, Dales Way lòun kọ́kọ́ fẹ́ rìn. Ó wá wojú mi. Mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni n ó sìn ín lọ.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni Dales Way, nǹkan bíi máìlì 80, láti Ilkley ní Yorkshire dé Bowness létí adágún Windermere ní Cumbria. Ẹgbẹ́ àwọn onírìn-ẹsẹ̀ ní West Riding ló ṣètò rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Wọn ò la ọ̀nà tuntun. Ọ̀nà oko, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà ọjà tó ti wà látayébáyé ni wọ́n so mọ́ra. Oṣù Karùn-ún la lọ, nígbà tí ojúmọ́ ti ń gùn. Ohun tí mo ń kọ sínú ìwé kékeré lálaalẹ́ ni mo tún kọ síbí yìí.

Ọjọ́ kìíní, Sátidé: Ilkley sí Burnsall

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Forster Square, kò tó ìṣẹ́jú 40 tí a fi dé Ilkley. Ìdí afárá òkúta àtijọ́ tí wọ́n kọ́ sórí odò Wharfe ní àwọn ọdún 1670 ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri afárá náà, ó ní, "Ó yá. Olúwa, máa lọ níwájú wa." Mo ṣe àmín. Báàgì kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn wa, ọ̀pá ìrìn wà lọ́wọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú, ṣúgà àti ẹ̀pà yíyan wà nínú báàgì Ẹ̀gbọ́n, ó ti di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù wà lọ́nà. Ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù wọn ń ta gàrí ni?"

Odò Wharfe yìí la ó máa tọ̀ lọ sókè fún ọjọ́ mẹ́rin, títí dé ibi tó ti ń sun. Lẹ́yìn abúlé Addingham, a kan ilé kékeré kan ní Farfield, ilé ìpàdé àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ láti sin Ọlọ́run. Ọdún 1689 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún kan náà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún irú wọn láti máa sin Ọlọ́run bó ṣe yé wọn. Kí ó tó dìgbà yẹn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ilẹ̀kùn kò tì. Kò sí pẹpẹ, kò sí àwòrán. Bẹ́ǹṣì igi àti fèrèsé ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí kò lè jókòó nílé Ọlọ́run kó má kọrin, jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọhùn.

Ní Bolton Abbey, àwọn ọmọdé ń fo orí àwọn òkúta tí wọ́n tò la odò kọjá, lábẹ́ àwókù ilé ìsìn ńlá tí ọba Henry Kẹjọ gbà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà tó ń gbé ibẹ̀. Ìdajì ilé náà ò lórùlé. Ìdajì kejì ṣì jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò títí dòní. Èrò pọ̀ níbẹ̀, a ò pẹ́.

Igbó Strid ló tẹ̀ lé e. Òdòdó búlúù ti bo ilẹ̀ igbó náà láti ìdí igi dé ìdí igi, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Àárín igbó yìí ni odò Wharfe ti kó gbogbo ara rẹ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, sínú àlàfo àpáta kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 2 lọ. Ẹni tó bá wò ó á rò pé òun lè fò ó. Àwọn tó gbìyànjú ẹ̀ ti kú síbẹ̀, torí omi ti jẹ abẹ́ àpáta náà wọnú, ó sì jìn lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sí i, omi á fà á wọ abẹ́ òkúta. Àtẹ́lẹsẹ̀ wa ni a ti gbọ́ ariwo rẹ̀ kí etí tó gbọ́ ọ. Ẹni ọdún 52 ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi di okùn báàgì mi mú títí a fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a jáde nínú igbó la rí ohun tó gbé Ẹ̀gbọ́n wá sí ọ̀nà yìí. Afárá kan ni, wọ́n kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ààfin, ó ní ilé-ìṣọ́ kéékèèké lórí. Inú rẹ̀ ni omi Bradford ń gbà kọjá. Láti àfonífojì odò Nidd, ní ìhà àríwá, ni omi náà ti ń bọ̀, a kàn kó páìpù rẹ̀ gba orí odò Wharfe ni. Ẹ̀gbọ́n dúró sórí rẹ̀. "Omi tí mo fi wẹ ọmọ mẹ́ta," ó ní. "Ó kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi báyìí, ó ń lọ sílé wa."

A dé Burnsall lẹ́yìn máìlì 13 àti díẹ̀. Afárá olójú márùn-ún, ilé ọtí, koríko tútù. Mi ò rántí ohun tí mo jẹ.

Ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè: Burnsall sí Kettlewell

Afárá tí wọ́n fi wáyà gbé rọ̀ ni a kọ́kọ́ bá pàdé, nítòsí Hebden. Alágbẹ̀dẹ abúlé ló ṣe é ní 1885. Bí èèyàn ṣe ń rìn lórí ẹ̀ ló ń mì. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró kí òun kọjá tán kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

A mu tíì ní Grassington, a sì gùn sórí òkè. Ilẹ̀ òkúta funfun ni gbogbo ibẹ̀; àpáta rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ ilé, ó sì sán ní gbogbo ara. Ògiri òkúta la pápá sí wẹ́wẹ́ dé ibi tí ojú lè rí i dé. Àgùntàn ojú dúdú onímú funfun ń jẹko, ìwo wọn lọ́, wọ́n fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn wọn: pupa fún oko kan, búlúù fún òmíràn, kí ẹran ẹlẹ́ran má baà sọnù sínú ti ẹlòmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni kan ń tún ògiri tó ya ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, òun nìkan lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A kí i kú iṣẹ́, ó sì fi iṣẹ́ náà hàn wá. Ògiri méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń ga. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń kún àárín. Bó bá dé ìdajì, wọ́n á wá òkúta gígùn kan tó lè la ògiri méjèèjì já, òun ló so wọ́n pọ̀ tí wọn ò fi ya kúrò lára ara wọn. Kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí amọ̀. Ó gbé òkúta kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́, ó fi sílẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ gbọnyin. Ó ní òun kì í gbé òkúta kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Tí òun bá ti gbé e, òun á wá ibi tó máa wọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n ní kó jẹ́ kí òun gbé ọ̀kan. Ó jẹ́ kó gbé e. Òkúta Ẹ̀gbọ́n wà nínú ògiri yẹn lókè Grassington lónìí.

Inú ògiri yìí kan náà ni ọ̀nà wa ń gbà. Nígbà mìíràn wọ́n á fi àlàfo tóóró sílẹ̀ tí itan èèyàn lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí àgùntàn ò lè gbà. Nígbà mìíràn òkúta mẹ́ta-mẹ́rin ló yọ síta lára ògiri bí àtẹ̀gùn. Ẹni tó mọ ògiri nígbà láéláé ti mọ̀ pé èèyàn á máa kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ náà ṣe jẹ́, torí ó jọ mí lójú gan-an. Ilẹ̀ tí à ń rìn lórí ẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Ó ní olówó rẹ̀. A gba àárín ilé àgbẹ̀ àti àbà rẹ̀ kọjá, ajá rẹ̀ ń wò wá, aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn. Àmọ́ ọ̀nà tó la ilẹ̀ náà já kì í ṣe tirẹ̀ láti dí. Ní 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ Manchester ló pọ̀ jù nínú wọn, gun òkè Kinder Scout ní Derbyshire, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ní kẹ́nikẹ́ni má dé torí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1949 ni òfin jáde pé kí ìgbìmọ̀ agbègbè ya gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sínú máàpù, èyí tó bá sì ti wà nínú máàpù náà, onílẹ̀ ò kàn lè dí i bó ṣe wù ú. Ilà àwọ̀ ewé tó ń já tó ń so lórí máàpù tó wà lọ́rùn mi, òun ni. Ọdún 19 ni mo ti gbé nílẹ̀ yìí, mi ò mọ̀. Mo ń rò pé ibi tí ògiri bá wà, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí irú mi ń dé.

Ọjọ́ kẹta, Mọ́ńdè: Kettlewell sí Oughtershaw

Òjò bá wa jí. Etídò la rìn, Starbotton, Buckden, ẹrẹ̀ gbogbo. Ní Hubberholme la wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Michael láti yàgò fún òjò. Àjà igi tí wọ́n gbé sókè lórí ẹnu ọ̀nà pẹpẹ ìsìn wà níbẹ̀ láti 1558. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti fọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìsìn yí padà, ibi tó jìnnà ni èyí fi bọ́. Àga igi óákù inú rẹ̀, Robert Thompson ló gbẹ́ wọn ní 1934, agbẹ́gilére tó máa ń gbẹ́ èkúté kan sára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ síí wá èkúté. Ó rí i, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń gun ẹsẹ̀ àga. Ó fi ìka wọ́ ọ lẹ́yìn. Ó ń dán níbẹ̀ torí ọ̀pọ̀ ìka ló ti wọ́ ọ ṣáájú tirẹ̀.

Ilé ọtí wà ní òdìkejì afárá. Níbẹ̀, ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú ọdún, ni àwọn àgbẹ̀ àdúgbò ti ń du owó lórí pápá kan tó jẹ́ ti àwọn aláìní ìjọ. Wọ́n á tan àbẹ́là. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí iná àbẹ́là kú ló máa fi ẹran jẹ pápá náà fún ọdún yẹn, owó náà á sì lọ fún aláìní. Inú mi dùn sí ètò yìí púpọ̀. Ó rán mi létí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní.

Lókè Hubberholme, ọ̀nà mọ́tò di tóóró, odò náà kéré, ó ń sáré lórí òkúta pẹrẹsẹ. Òjò dá. A jókòó, Ẹ̀gbọ́n tú ọ̀rá, a bu omi tútù inú ìgò sí gàrí, a da ẹ̀pà lé e. Ẹyẹ kan tí ẹnu rẹ̀ gùn tó tẹ̀ kọdọrọ ń fò ká lórí wa, curlew ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, á wá gbọ̀n bí ẹni tó ń sunkún ayọ̀.

Orúkọ ibẹ̀ ò jọ Gẹ̀ẹ́sì: Yockenthwaite, Beckermonds, Oughtershaw. Àwọn ará Scandinavia tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ló fi èdè wọn sílẹ̀. Beck ni odò kékeré, thwaite ni ilẹ̀ tí wọ́n ṣán, fell ni òkè. Ní Beckermonds la rí odò kékeré méjì tí wọ́n pàdé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ Wharfe.

Ọjọ́ kẹrin, Túsìdé: Oughtershaw sí Gearstones

Ọjọ́ tó le jù nìyí. Odò tí Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rù ní Sátidé ti di ohun tí a lè fò, nígbà tó yá ó di ohùn lásán lábẹ́ koríko. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó mumi bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Kùrukùru bo gbogbo ẹ̀. Igi kan ò sí. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ohun tí mo rò pé koríko ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọlé dé orúnkún. Mo fà á, bàtà fẹ́ kù sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì dábùú sílẹ̀, ó ní kí n dojú bolẹ̀ lé e kí n má gbìyànjú àtidìde. Bí mo ṣe jáde nìyẹn, ti èmi ti bàtà. Ọdún 31 tó fi ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Orí Cam Fell, ní nǹkan bíi mítà 520, ni ọ̀nà wa ti ga jù. A bọ́ sójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù là, àwọn tó ń rin Pennine Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn mìíràn, náà wà níbẹ̀, báàgì wọn tóbi ju tiwa lọ fíìfíì. Òkè yìí ló pín omi níyà. Òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn wa á bá Wharfe lọ sí òkun ìlà-oòrùn. Èyí tó bá rọ̀ síwájú wa á bá odò Ribble lọ sí òkun Ireland ní ìwọ̀-oòrùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti da omi ìgò mi sílẹ̀ láti wo ibi tó máa ṣàn sí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má fi omi mímu ṣòfò.

Nígbà tí kùrukùru ká, afárá ọkọ̀ ojú irin Ribblehead yọ sí wa. Ojú rẹ̀ 24, ó ga tó mítà 32. Láàárín 1870 sí 1875 ni wọ́n kọ́ ọ, inú àgọ́ pákó ni àwọn òṣìṣẹ́ àti ìyàwó àti ọmọ wọn ń gbé lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ìjàǹbá àti àrùn ìgbóná pa púpọ̀ nínú wọn. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní Chapel-le-Dale gba òkú tó lé ní 200 nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lórí rẹ̀ bí a ṣe ń wò ó. Ó dà bí ìdin lórí odi.

Orúnkún Ẹ̀gbọ́n wú lálẹ́. Ó fi òrí pa á.

Ọjọ́ karùn-ún, Wẹ́sìdé: Gearstones sí Dent

A bọ́ sí àfonífojì Dentdale láti òkè, lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin mìíràn, olójú mẹ́wàá. Odò kékeré tó ń jẹ́ Dee bá wa sọ̀kalẹ̀. Oòrùn yọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibẹ̀ àti Cam Fell ti pọ̀ jù: igi, òdòdó, ilé funfun, ọmọ àgùntàn tó ń fò lórí ohun tí kò tó fò.

Ní ìdajì ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n ní ká jókòó. Ó yọ ìwé kékeré tirẹ̀, ó ka ohun kan tó ti dà kọ sínú rẹ̀ ní Bradford kí a tó kúrò. Ìkéde ìwé ìròyìn Liverpool ni, ti oṣù Kẹsàn-án 1758. Ó ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sá kúrò ní Dent ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ. Orúkọ tí wọ́n pè é ni Thomas Anson. Gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́fà, ọjọ́ orí rẹ̀ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ gbòòrò. Ẹni tó bá mú un padà wá sí Dent yóò gba owó tó jọjú lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni Edmund Sill.

Ìdílé Sill ní oko ní Jàmáíkà, èrè oko náà ni wọ́n ń ná ní àfonífojì yìí. Ilé ńlá wọn ṣì dúró, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. Whernside Manor ni wọ́n ń pè é báyìí. Nínú àfonífojì tó dákẹ́ báyìí, tí mo ti ń yìn Ọlọ́run fún ẹwà rẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ní ẹrú. Lójú ìkéde yẹn, ẹsẹ̀ Thomas Anson kì í ṣe tirẹ̀. Bó ṣe gbé e láti rìn, ó ti jí ohun tí Sill ní.

Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ló dé tí kò sọ fún mi látilé. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́ nílé, ìtàn lo máa gbọ́. Mo fẹ́ kó o rí ilẹ̀ náà." Ó tún ìkéde náà kà, lọ́tẹ̀ yìí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó rọra ń kà á. Ó dúró síbi ọjọ́ orí. "Ogún ọdún. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn náà nìyẹn." Ó ká ìwé náà, ó dìde, ó sì gbàdúrà ní ìdúró: "Olúwa, jẹ́ kí ó jẹ́ pé wọn ò rí i mú." Mi ò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí, àdúrà fún ohun tó ti kọjá ní ohun tó lé ní 260 ọdún. Mo ṣe àmín, ohùn mi ò jáde dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń wo àtẹ̀gùn òkúta ara ògiri kọ̀ọ̀kan kí n tó gùn ún. Àmì ọ̀nà tọ́ka sí ibi tí a ó gbà: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ti gbogbo èèyàn.

Dent dára, ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, òkúta ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí omi ń jáde lára rẹ̀ fún ìrántí Adam Sedgwick, onímọ̀ àpáta tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1785. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára òkúta náà. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹfà, Tọ́sìdé: Dent sí Sedbergh

Máìlì mẹ́fà péré, torí orúnkún. Ìléròrò méjì ló yọ sí gìgísẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí náà kò sí wàhálà. Sedbergh kún fún ṣọ́ọ̀bù ìwé. A sùn lọ́sàn-án.

Ọjọ́ keje, Fúráìdé: Sedbergh sí Burneside

Èyí gùn, ó tó máìlì 16. Láàárọ̀ a ya Brigflatts, ilé ìpàdé Quaker mìíràn, 1675, wọ́n kọ́ ọ kí òfin tó gbà wọ́n láàyè. Ẹ̀gbọ́n tún jókòó. Ọgbà tó wà níwájú rẹ̀ kún fún òdòdó, ẹnì kan ń pa koríko, ó kí wa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Odò Lune, afárá òkúta tó ga fíofío ní Lowgill tí ọkọ̀ ojú irin ò gbà mọ́, lẹ́yìn náà ariwo. Títì márosẹ̀ M6 ni. Afárá kékeré kan gbé wa kọjá lórí rẹ̀. A dúró láàárín, ọkọ̀ ńláńlá ń sáré lábẹ́ wa, ọ̀nà tí èmi fúnra mi ti wà lọ sí Scotland lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí mi. Ìyókù ọjọ́ náà jẹ́ pápá, géètì, pápá, géètì. Mi ò gbádùn rẹ̀ púpọ̀, ó sì ti rẹ̀ wá.

Ọjọ́ kẹjọ, Sátidé: Burneside sí Bowness

Odò Kent ló bá wa lọ láàárọ̀ títí dé Staveley. Lẹ́yìn Staveley, bí a ṣe gun orí òkè kékeré kan, àwọn òkè Lake District tò síwájú wa, búlúù lórí búlúù, ìkejì ga ju ìkíní lọ. Ẹ̀gbọ́n dá rìn ṣáájú. Mo jẹ́ kó máa lọ.

Ọ̀nà náà ò parí sínú ìlú. Lókè Bowness, nínú pápá kan, àga òkúta kan wà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára pé ti àwọn tó bá rin Dales Way ni. Adágún Windermere wà nísàlẹ̀, adágún tó gùn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi funfun ń lọ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó tú okùn bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí koríko. Gàrí tó kù ò kún ọwọ́. A pín in.

Bàbá àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó kí wa, ajá náà fi imú kan ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó wo báàgì, ó wo ọ̀pá, ó wá bi wá pé níbo la ti wá.

"Ilkley," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ la fi rìn."

Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀ fún un.